Ilẹ̀ Inú Bọ́kẹ́ẹ̀tì

Ihò mẹ́ta ló wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan ń mú iná wá, ọ̀kan ń dá a padà. Ìkẹta, èyí tó wà lókè, yẹ kó ní wáyà tó wọ inú ilẹ̀ lọ, kí iná tó bá ṣìnà lè gba ibẹ̀ kọjá, kó má gba ara èèyàn. Ní gbogbo ilé tí mo ti yá gbé láti Agége dé Ifákò-Ìjàyè, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ihò kẹta ń ṣe ni pé a máa ń fi ìdérí báírò tì í, kí ihò méjì yòókù lè ṣí fún pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Èmi náà ń tì í bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí yunifásítì mi lára ògiri.

Obìnrin kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ń ta yìnyín àti omi tútù nínú ilé wa. Kọ́rídọ̀ ni fíríìsà rẹ̀ wà, àlòkù ni, iná sì máa ń gbé e lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé e débi pé ó jókòó sílẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀. Ó lọ bẹ bàbá onílé pé kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i, torí fíríìsà yẹn nìkan ló ń bọ́ òun àtàwọn ọmọ òun.

Bàbá onílé kọ “Ẹnjiníà” sára géètì. Ẹnjiníà kí ni, a ò mọ̀. Wọ́n pe oníṣẹ́ iná, ó ní àfi kí àwọn gbẹ́ ilẹ̀, kí àwọn ri ọ̀pá irin wọlẹ̀ fún wáyà ihò kẹta. Bàbá wo táìsì tuntun tí wọ́n tẹ́ láti géètì dé ẹ̀yìnkùlé, èyí tí gbogbo ayálégbé ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa fọ́ ọ. Kò pẹ́, oníṣẹ́ iná rọ iyanrìn kún bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà kan, ó ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́, ó so wáyà tó ti ara fíríìsà wá mọ́ ọn, ó gbé e lé orí táìsì. Bàbá ní òdòdó máa yẹ ẹ́.

Wọ́n wá yíjú sí mi. “Ìwọ ọmọ yunifásítì, ó dáa àbí kò dáa?”

Mo mọ̀ pé iná tó bá wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ò ní rí ibì kankan lọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí àgbà bínú sí mi.

“Ó jọ pé ó dáa, sà.”

Ó pẹ́ tí mo ti ń fi àwọn tó ń sọ̀rọ̀ báyẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Tẹ́lẹ̀, obìnrin yìí nìkan ni bàbá gbà láyè kó wọ sílípáàsì rọ́bà lórí táìsì, nítorí fíríìsà. Lọ́jọ́ náà wọ́n ní ilẹ̀ ti dé inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kó bọ́ ọ bíi tàwọn yòókù. Ó bọ́ ọ. Lọ́jọ́ kẹta, omi yìnyín dà sílẹ̀, ó dúró sínú rẹ̀, ó fẹ́ ṣí fíríìsà. Iná di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí ẹnì kan fi sáré lọ pa iná nídìí mítà. Ìka mẹ́ta ò ká mọ́.

Nígbà tó kúrò ní ọsibítù, mo lọ jẹ́wọ́ fún un. Ọwọ́ òsì ló fi ń rọ omi sínú ọ̀rá.

“Bọ̀ọ̀dá, èmi náà mọ̀ pé ilẹ̀ kì í gbé inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo kàn rò pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé mọ ohun tí mi ò mọ̀ ni.”

Mo ní màá bá a wá ilé mìíràn. Mo mú tẹ́sítà tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń yẹ iná wò lọ́wọ́, mo rìn dé Ọmọ́lẹ̀, níbi tí ẹni tó fẹ́ yá wa nílé ti fi gíláàsì àti mábù hàn mí fún wákàtí kan. Mo tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wò. Kò sí wáyà kankan lẹ́yìn ihò kẹta. Bẹ́ẹ̀ náà ni nílé tó tẹ̀ lé e, àti nílé tó tẹ̀ lé ìyẹn.

Mo padà wá sọ fún un. Ó ní oníbàárà ń dúró, kí n jọ̀ọ́ bá òun ṣí fíríìsà.