Rọ́bà Bàbá Sàkẹ́tẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré l'Ọ́jà-Ọ̀dàn, ọmọ mẹ́rin ni ìyá mi bí, ṣùgbọ́n ọmọ márùn-ún ni bàbá mi ní. Ẹ̀karùn-ún ni píkọ́ọ̀pù rẹ̀, òun ló sì fẹ́ràn jù. Ọkọ̀ àgbà ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí débi pé a ò mọ àwọ̀ tó ní gan-an. Láàárọ̀ Sátidé, àwa ọmọ la máa ń fi ọṣẹ àti kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́ kí àwa fúnra wa tó wẹ̀. Ẹni tó bá ha á lára, orí ìkúnlẹ̀ ló máa wà, apá lókè, títí ẹ̀wà tí ìyá mi ń sè á fi jinná. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ bí ẹ̀wà ìgbà yẹn ṣe máa ń pẹ́ lórí iná tó.

"Fóò-wíìlì ni o," bàbá mi máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣèèṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà. Táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń fa ọkọ̀ àwọn ẹlòmíì. Tiwa, tí bàbá mi bá ti fa jíà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà ńlá, táyà iwájú náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, kò sì sí ẹrẹ̀ tó lè dá a dúró.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ìdí iṣẹ́ náà. Bàbá Sàkẹ́tẹ́ là ń pè é, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Sàkẹ́tẹ́, lódìkejì bọ́dà, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kíra. Tí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á gun kẹ̀kẹ́ wá jí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ lójú oorun. Tí ọyẹ́ bá dé, á tún wá láti fún un ní ìsinmi. Á kọ́kọ́ lé gbogbo wa sẹ́yìn ilé, ó ní ojú èèyàn máa ń da íńjìnnì láàmú. Á wá wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan la ó máa yọjú wò títí di ọ̀sán. Nígbà míì a máa ń gbọ́ ohùn kan níbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń hanrun. Bàbá mi ní jíà ló ń dún bẹ́ẹ̀. Tó bá jáde, á fi rọ́bà túùbù di àárín táyà iwájú méjèèjì, á kìlọ̀ pé ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá tú u, afẹ́fẹ́ á wọbẹ̀, ọkọ̀ á sì kú. Ìyá mi á pa àkùkọ, á gún iyán, ẹsẹ̀ àti ọrùn á kan àwa ọmọ.

Ìgbà tí ìjọba sójà wá ti bọ́dà, Bàbá Sàkẹ́tẹ́ ò lè wá mọ́. Òjò dé, ata ìyá mi sì pọ́n lóko. Owó ata yẹn la fi ń lọ ilé ìwé, àfonífojì ẹlẹ́rẹ̀ kan ló sì wà láàárín oko náà àti ilé. Ìyá mi fẹ́ háyà alárù, bàbá mi fárígá. Kí ni fóò-wíìlì wà fún? Ó kó gbogbo wa sẹ́yìn ọkọ̀, ó wọ àfonífojì náà, ó fa jíà kékeré. Táyà ẹ̀yìn ń gbẹ́ kòtò, táyà iwájú dúró jẹ́ẹ́ bí àlejò. A ti ọkọ̀ náà títí ó fi jẹ́ pé eyín wa nìkan ni ẹrẹ̀ ò dé. Àwọn ará oko ló bá wa fi okùn fà á jáde.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi yẹ ọ́ìlì jíà wò, ó kún. Mẹkáníìkì àdúgbò wá, ó fún gbogbo nọ́ọ̀tì. Wọ́n tú ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára lọ síwájú, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dá a padà. Nọ́ọ̀tì bíi mélòó kan ṣẹ́kù, bàbá mi rọra kó wọn sápò. Ó fa jíà kékeré títí orí rẹ̀ fi já sí i lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan rọ́bà.

Ìyá mi ò bá a jà. Ata tó ti fẹ́ máa rà ló ń já wálé lójoojúmọ́, ó ń dà á sínú ọbẹ̀. Ata ń pọ̀ sí i, ẹran ń dín kù, a ń jẹun, a ń sunkún.

"Ata ò mọ̀ pé wọ́n ti bọ́dà o, Bàbá Ṣadé," ló kàn máa ń sọ.

Bàbá mi bá ránṣẹ́ sí Bàbá Sàkẹ́tẹ́. Mi ò mọ ọ̀nà tí iṣẹ́ náà gbà kọjá, ọmọdé kì í sì í béèrè irú ẹ̀ nílùú wa. Èsì tó dé ni pé orúnkún òun ò lè sáré fún sójà, ṣùgbọ́n òun á wá sídìí okùn bọ́dà lọ́nà Ìfọ́nyìntẹ́dó.

A wa ọkọ̀ lọ. Okùn ni wọ́n ta dí ọ̀nà, sójà kan dúró tì í, èrò pọ̀ lọ́tùn-ún lósì.

"Sàfà, àbúrò!" Bàbá Sàkẹ́tẹ́ kígbe láti òdìkejì. "Báwo ló ṣe ń dún?"

Bàbá mi ranpá, ó fi ẹnu dún bí ọkọ̀.

"Ṣé ọkọ̀ nìyẹn, àbí ewúrẹ́?"

Ìyá mi bá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó di ìró mú, ó ní, "Gùrùrùrù, fììììì!" Ó ń fi ọwọ́ ju ẹrẹ̀ sẹ́yìn, sójà fúnra rẹ̀ sì yà lọ́nà.

"Táyà iwájú ńkọ́?"

"Ó dúró, ó ń wò wá!"

Bàbá Sàkẹ́tẹ́ ṣí fìlà, ó tún un dé. Ó ní kí bàbá mi sún mọ́ òun, kí òun sọ nǹkan sí i létí.

"Kò sí ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní bọ́dà!" sójà jágbe. "Ẹ sọ ọ́ sókè kí n gbọ́!"

Ẹ̀gbọ́n wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó wá kígbe pé, "Ẹ tú rọ́bà yẹn. Ẹ ó rí kókó róbótó kan. Ẹ fi ọwọ́ yí i sápá ọ̀tún."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ó tán."

Sójà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú rọ́bà kan, ó yí kókó náà, ó dún kọ́! Bàbá mi yí èkejì. Ó wọ inú ẹrẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó fa jíà kékeré, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gbé e jáde.

"Gbogbo àkùkọ mi!" ni ìyá mi pariwo. Ẹ̀rín pa èrò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, sójà di okùn bọ́dà mú kó má baà ṣubú. Bàbá Sàkẹ́tẹ́ ti gun kẹ̀kẹ́ lọ. Ata wa délé lọ́jọ́ kejì, a sì lọ ilé ìwé.

Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́dà, a retí Bàbá Sàkẹ́tẹ́ títí, kò wá. Ìtìjú mú un. Bàbá mi bá ránṣẹ́ sí i pé ẹsẹ̀ iwájú tún ti daṣẹ́ sílẹ̀, pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa dé, mo rí bàbá mi tó lóṣòó ti táyà, ó tú rọ́bà, ó yí kókó náà padà sápá òsì, ó tún rọ́bà dì. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ó lọ mú àkùkọ tó tóbi jù. Ẹ̀gbọ́n dé, ó lé wa sẹ́yìn ilé, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Kò pẹ́ tí jíà bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Lóde òní, èmi náà ní fóò-wíìlì. Bọ́tìnnì kan ni mo ń tẹ̀, iná kékeré á tàn, ó tán. Fóònù là ń fi kí àwọn ará Sàkẹ́tẹ́ nígbà ọdún, àwọn ọmọ mi ò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó dùn mí. Nígbà míì tí mo bá dá jókòó sínú ọkọ̀, mo máa ń wo bọ́tìnnì yẹn, mo sì máa ń wá ibi tí mo lè fi rọ́bà dì.