Ojú Ọdúnjọ, Ẹ̀ṣẹ́ Jàmíù

Nígbà tí wọ́n ń fọ́ ọ̀nà márosẹ̀ Lekki sí Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n lè fẹ̀ ẹ́, tí eruku kì í jẹ́ kí aṣọ funfun pẹ́ lára ẹnikẹ́ni ní Ajah, Jàmíù ọmọ Ìkirè ń lẹ táìlì sínú ilé àwọn olówó. Bó bá ti parí iṣẹ́, gbọ̀ngàn ìdárayá kan lẹ́yìn ọjà Ajah ló ń forí lé, níbi tí Ọ̀gá Gbádégẹṣin ti ń kó àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò jọ. Ọwọ́ ọ̀tún Jàmíù le. Ọ̀gá Gbádégẹṣin máa ń fi í yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń fi mọ́tò tuntun yangàn.

Ọdúnjọ ni ọwọ́ náà bà jẹ́. Ará Awoyaya ni, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò lòun náà, kò sì sí ìjà kankan láàárín òun àti Jàmíù tẹ́lẹ̀. Níbi ìdíje kan, Jàmíù gbá a lójú, ó tún gbá a níbẹ̀, rẹfirí kò tètè dá sí i. Nígbà tí Ọdúnjọ máa jí ní ọsibítù, ojú òsì ti lọ. Kò pẹ́ tí ọ̀tún náà fi tẹ̀ lé e.

Láti ìgbà náà ni ọwọ́ Jàmíù ti kọ iṣẹ́. Kò dùn ún. Ó ń fi gbé páálí táìlì, ó ń fi po sìmẹ́ńtì. Àmọ́ bí ènìyàn bá ti dúró níwájú rẹ̀ nínú ìjà, tí Jàmíù sì gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè, ẹ̀ṣẹ́ náà á dúró kó tó dé ojú onítọ̀hún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyàwó. Lateef tó burú jù nínú wọn á na ojú sí i, á ní, Ìyàwó, wá fọwọ́ pa mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Ọ̀gá Gbádégẹṣin á jókòó, á máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó ní kí Jàmíù lọ rí Dókítà Ọláṣùmbọ̀ ní VGC, àdúgbò olódi àwọn olówó tí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń gbé. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni láti bá àwọn eléré ìdárayá yanjú ohun tó ń dà wọ́n láàmú lọ́kàn. Jàmíù rò pé abẹ́rẹ́ wèrè ni wọ́n fẹ́ fún òun. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kò tilẹ̀ gbà pé ó ní ẹni tó wá rí. Wọ́n ní kó lọ tò sọ́dọ̀ àwọn lébìrà, oòrùn sì pa á títí dókítà fi wá mú un fúnra rẹ̀.

Kò sí abẹ́rẹ́. Àga méjì ló wà nínú yàrá náà, àti fèrèsé. Dókítà kọ́kọ́ là á yé e pé kò ya wèrè. Ó ní ohun tó bá sọ níbẹ̀, òun kò ní sọ fún Gbádégẹṣin bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin náà ló rán an wá, àfi bí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu. Ó ní kò ní yá bí idán, pé Jàmíù fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, àti pé ọjọ́ tó bá wù ú ló lè dá a dúró. Lẹ́yìn náà ló bi í léèrè ohun tó fẹ́.

“Ọ̀gá ní kí ọwọ́ mi padà, mà.”

“Mo ti gbọ́ ohun tí ọ̀gá fẹ́. Ìwọ ni mò ń bi.”

Jàmíù ń lọ síbẹ̀ déédéé. Dókítà kọ́ ọ bí ènìyàn ṣe ń mí nígbà tí àyà bá ń já, ó sì ní kó pa ojú dé, kó rọra wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí ọwọ́ tó dúró. Lọ́jọ́ kan ó sọ ọ́ jáde. Ìró kan ni òun máa ń gbọ́, ìró tí ojú Ọdúnjọ mú wá lọ́jọ́ náà, bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ ẹyin. Ó sunkún. Ó ní òun fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́. Dókítà ní kó má kánjú, torí ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà má ní ìdáríjì tó fẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Jàmíù kò dúró. Rẹ̀míláyọ̀, ìyàwó Ọdúnjọ, ló ṣílẹ̀kùn fún un ní Awoyaya. Ó dá a mọ̀, kò kí i, ó kàn yà lọ́nà. Ọdúnjọ jókòó lórí ẹní, ó ń jẹun. Jàmíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ti gbàgbé pé ọkùnrin náà kò ríran. Rẹ̀míláyọ̀ ló sọ fún Ọdúnjọ pé Jàmíù wà lórí ìdọ̀bálẹ̀.

“Jẹ́ kó wà níbẹ̀,” ni Ọdúnjọ wí. Ó jẹun tán, ó fọwọ́, ó nu ẹnu, kó tó sọ̀rọ̀. “Mo gbọ́ pé o ò lè gbá ènìyàn mọ́. Tó o bá fi ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀, a jẹ́ pé onítáìlì lásán ló fọ́ mi lójú. Lọ máa jà. Ìgbàkígbà tó o bá ti borí, wá sọ bí ẹni náà ṣe ṣubú fún mi.”

Jàmíù ròyìn rẹ̀ fún dókítà.

“Ìyà ni, Jàmíù. O lè kọ̀ ọ́.”

Ó ní ìyà náà tọ́ sí òun.

Lọ́jọ́ kejì, Lateef tún na ojú sí i ní gbọ̀ngàn. Ọwọ́ kò dúró. Àgbọ̀n Lateef ṣẹ́. Inú Ọ̀gá Gbádégẹṣin dùn dé ibi pé ó gbé Jàmíù sókè kí ẹnikẹ́ni tó gbé Lateef nílẹ̀. Ó fi fóònù dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà pé iṣẹ́ ti parí, ó sì sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ VGC pé kí wọ́n má jẹ́ kí Jàmíù wọlé mọ́. Dókítà pe Jàmíù léraléra. Kò gbé e.

Ó ń jà, ó ń borí, ó ń lọ sí Awoyaya. Ọdúnjọ kì í fẹ́ ọ̀rọ̀ ṣókí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ojú ẹni náà wú, bóyá ẹ̀jẹ̀ gba imú tàbí ẹnu, bóyá ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Jàmíù ń ròyìn ọmọkùnrin kan tí òun gbá ṣubú, ó wá gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó ń fi kún un. Ó ń sọ pé ọmọ náà ń ra ilẹ̀ wá eyín rẹ̀, bẹ́ẹ̀ eyín kankan kò yọ. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mọ́ òun gan-an lẹ́nu. Ó dákẹ́ láàárín gbólóhùn.

“Mi ò ní wá mọ́,” ló wí.

“Kí ni màá wá máa gbọ́?” Ọdúnjọ bi í, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ bíi ti ọmọdé.

Rẹ̀míláyọ̀ sìn ín dé etí títì. Jàmíù rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni.

“Láti ìgbà tó o ti ń wá ló ti ń rẹ́rìn-ín,” ni obìnrin náà sọ. “Ẹ̀ẹ̀mejì lo wá pa á yìí.” Ó sì padà sílé.

Ọdúnjọ kú nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e. Wọn kò jẹ́ kí Jàmíù dé ibi ìsìnkú. Ọ̀gá Gbádégẹṣin ti lé e nígbà tó kọ̀ láti jà mọ́, ó sì ti ń fi ẹlòmíràn tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ le yangàn. Jàmíù padà sídìí táìlì. Ó ti pe Dókítà Ọláṣùmbọ̀ padà, ó sì ń lọ rí i nínú yàrá kan tí obìnrin náà háyà sí Ajah torí Jàmíù kò lè wọ VGC mọ́, wọ́n sì jọ ń sọ̀rọ̀ nípa Ọdúnjọ, nípa Lateef tí kò lè jẹ ẹran líle mọ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò sọ nǹkan kan rárá, dókítà á jókòó tì í títí àkókò á fi pé.