Sùlíyá Kọ̀ Láti Fi Ojú Rẹ̀ Pamọ́

Ní ọdún 1988, Sùlíyá ṣe àṣìṣe kékeré kan: ó lé tìróò sí ojú ara rẹ̀ tó ń pọ́n, ó sì fi igi tìróò náà fún obìnrin mẹ́rin kí àwọn náà lé e. Láàárín àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tirẹ̀, kò sí ẹni tí í fi tìróò du ẹnìkejì rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà ni òun àti àwọn obìnrin mẹ́rin náà ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ Sùlíyá ni kí ó máa wo aṣọ bó ṣe ń kọjá lórí tábìlì oníná, kí ó rí ibi tó lu àti ibi tí òwú ti já. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ètò ọrọ̀ ajé SAP dé, oṣù kan kì í kọjá kí wọ́n má dá òṣìṣẹ́ dúró. Nínú ọyẹ́ ọdún yẹn, ọ̀fìnkìn wọ ilé iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá mú á kọ́kọ́ máa sín, á máa wúkọ́. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ojú rẹ̀ á pọ́n, á máa ṣomi, ipin á sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ láàárọ̀. Àpólò ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Àṣẹ ilé iṣẹ́ ni pé kí alápólò lọ sílé títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè é. Wọn kì í sábà ránṣẹ́. Ìdí tí àwọn obìnrin náà fi lé tìróò nìyẹn, kí pípọ́n ojú wọn má baà hàn.

Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró, ọ̀gá wọn, rí wọn. Ó kó àwọn márààrún jọ, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wọn.

“Ẹ má wò mí o! Mi ò fẹ́ kó àpólò.”

“Ọ̀gá, ẹ̀yìn yín là ń wò,” ni Sùlíyá wí. “Tí ẹ̀yìn bá pọ́n lọ́la, ẹ sọ fún wa.”

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà bíi Adégbénró pé wíwo ojú ló ń ranni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ikọ́ àti ọwọ́ ló ń gbé e kiri, àti áńkáṣíìfù, àti igi tìróò tí ojú márùn-ún jọ lò. Fọláyọ̀, nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ náà, ti ṣàlàyé rẹ̀ fún Sùlíyá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n tìróò ti kárí kó tó gbọ́.

Adégbénró na ìwé sí wọn láti ẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ náà fúnra wọn ló fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àdùkẹ́, tó kéré jù nínú wọn, mú bíírò.

“Gbé e sílẹ̀,” ni Sùlíyá wí.

“Àǹtí mi, wọ́n á lé wa.”

“Kí wọ́n lé wa. Kí wọ́n má ṣáà sọ pé àwa la lọ.”

Ó bu omi, ó fọ tìróò ojú rẹ̀ kúrò níwájú gbogbo wọn. “Èmi ni mo pín in. Mo jẹ̀bi ìyẹn. Ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi ohun tó jẹ́ ká máa fi ojú pamọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ sinmi, kí iṣẹ́ wa sì dúró dè wá.”

Kò sí ẹni tó fọwọ́ síwèé. Láràárọ̀ ni wọ́n ń jókòó ní òdìkejì géètì láti fi hàn pé àwọn kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú áńkáṣíìfù tirẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, Adégbénró dé pẹ̀lú awò dúdú lójú.

“Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá,” ni Sùlíyá ké sí i. “Ṣé ká mú ìwé wá kí ẹ fọwọ́ sí i ni?”

Ní ọjọ́ kẹwàá, Fọláyọ̀ yẹ ojú wọn wò, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti mọ́. Máníjà ilé iṣẹ́ náà gba àwọn mẹ́rin padà sáyè wọn. Ó ní kí Sùlíyá lọ máa gbálẹ̀ nítorí ẹnu rẹ̀.

“Tábìlì mi,” ni Sùlíyá wí, “àbí ìwé pé ẹ lé mi.”

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún un pé àwọn lé e. Ó kà á délẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1994, ó ń gbé ní Orílé Agége, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan. N kò gbúròó rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.