Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Ọkọ mi ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà kan ní Àjàṣẹ́, èyí tí máàkì àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa wà nínú rẹ̀. Láti orí kọ̀ǹpútà ilé la ti ń wọ inú rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń dán orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà wò níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, ni ọkọ mi bá fi ẹ̀ṣọ́ sí i: ẹni tó bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, ilẹ̀kùn á tì mọ́ ọn fún wákàtí kan.

Lọ́jọ́ ìpàdé àwọn òbí, alùpùpù rẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà ní Tatonnonkon. Ó pè mí.

"Ìyàwó mi, bá mi fi máàkì ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kí àwọn òbí tó dé. Orúkọ bàbá mi ni kí o fi wọlé."

Orúkọ bàbá ọkọ kẹ̀! Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, n kò pè é rí. Mo tẹ "Bàbá Ẹlẹ́mu", bí mo ṣe ń pè wọ́n. Mo tún un tẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ilẹ̀kùn tì.

Nígbà tí mo pè é padà, ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí. "O ti di olè!"

Bàbá ọkọ mi jókòó nítòsí, ọmọ mi ń sùn láyà wọn. Mo ṣàlàyé, ojú ń tì mí.

"Ìyàwó, ẹnu ni kì í pè mí," ni wọ́n wí. "Ìka kò lẹ́nu."

Nígbà tí wákàtí pé, mo tẹ orúkọ náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kúnlẹ̀. Máàkì lọ kí àwọn òbí tó dé.

Bàbá na ọrùn wo orúkọ náà lójú kọ̀ǹpútà. "Ṣé èmi nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá Ẹlẹ́mu."