Ojú Iná Inú Lọ́ọ̀rì Bàbá Mi

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹni tí òtútù bá ń mú fi aṣọ bora. Ọyẹ́ àárọ̀ yìí ló rán mi létí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Òkè-Ìlá níbí, bàbá mi ní lọ́ọ̀rì kan tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ ọjà, á kó àwọn obìnrin àdúgbò wa lọ ra iṣu ní Ìyìn ní kùtùkùtù, á sì kó wọn padà sí Ọjà Ọba kí oòrùn tó mú. Nígbà òjò, lọ́ọ̀rì náà á jí bí ẹni tí ìjàlọ gé. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ́ńjìnì á tutù bí òkúta inú odò, a ó sì máa bẹ̀ ẹ́ kó tó dáhùn.

Ohun mẹ́rin kan wà lára ẹ́ńjìnì náà tí wọ́n ń pè ní hítà, wọ́n rí bí ìka ọwọ́. Àwọn ló máa ń mú inú rẹ̀ gbóná kó tó lè jí. Wáyà kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀, láti orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì. Níwájú ibi tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó, ojú iná kékeré kan wà. Bí o bá fa ọwọ́ irin kan tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí àwọn hítà sì ń gbóná, ojú náà á máa pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀yín iná.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé omi gbígbóná wá láti ìdí àdìrò, kí bàbá mi fi wẹ ẹ́ńjìnì. Iṣẹ́ àbúrò mi obìnrin, ọmọ tí ìyàwó kékeré bí, ni kó jókòó síwájú, kó fa ọwọ́ náà, kó tẹjú mọ́ ojú iná, kó sì pe bàbá mi pé ó ti pọ́n. Ẹ gbọ́ o, èmi ni àgbà. Mo fi ọdún márùn-ún jù ú lọ. Èmi ni omi ń jó lẹ́sẹ̀, òun ni wọ́n ń gbé gun iwájú bí ìyàwó tuntun. Bí bàbá mi bá rẹ́rìn-ín sí i, bí ẹni pé wọ́n bu ata sí mi lójú ni. Owú ni, mi ò ní fún un ní orúkọ mìíràn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ọjà ku ọ̀la, bàbá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yẹ àwọn hítà wò, ó gbé sípánà lé orí táyà, ó lọ wẹ̀. Mo mú sípánà náà. Mo tú nọ́ọ̀tì tó di wáyà mú lórí hítà kẹta títí ó fi dẹ̀, mo sì dá sípánà padà síbi tó wà. Mo rò ó pé bí ojú iná bá kọ̀ láti pọ́n lọ́la, bàbá mi á ní ọmọ yẹn ò mọ̀ ọ́n fà, á sì gbé èmi síbẹ̀.

Nígbà tó di àárọ̀, àwọn obìnrin ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n wọn. Mo gbé omi dé. Àbúrò mi fà á títí, ojú náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Bàbá mi tan iná iwájú ọkọ̀, ó mọ́lẹ̀ rekete, ó ní bátìrì kọ́. Ó tú páìpù dísẹ́ẹ̀lì, epo ṣàn dáadáa, ó ní epo kọ́. Àwọn obìnrin bọ́ sílẹ̀, wọ́n tì í. Ó tu èéfín funfun díẹ̀, ó dákẹ́.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ó jọ pé ọkọ̀ yín ò tíì jẹun àárọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí lọ́ọ̀rì ẹlòmíràn ṣe fọn fèrè ní ìsàlẹ̀, wọ́n gbé agbọ̀n wọn, wọ́n bá a lọ láì wẹ̀yìn. Bàbá mi rèé, tí kò já ọlọ́jà kulẹ̀ rí.

Ó yíjú sí àbúrò mi, ó bi í léèrè ohun tó fọwọ́ kàn. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Inú mi sì dùn, kí Ọlọ́run má ṣe bínú sí mi.

Ìgbà náà ni bàbá mi na ìka sí àwọn nọ́ọ̀tì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkíní ò mì, èkejì ò mì. Ẹ̀kẹta yí lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun kọ́ ló dè é báyẹn. Ó wo ọwọ́ àbúrò mi, ó mọ́. Ó wo tèmi tó di korobá mú: gírísì dúdú wà lábẹ́ èékánná mi, èmi tí iṣẹ́ mi ò kan ẹ́ńjìnì.

Mo ń retí ìgbátí. Sípánà ló fi lé mi lọ́wọ́.

"Ọmọ ulé kan ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Bí ọ̀kan bá ń bínú, gbogbo wọn ló máa tutù. Ìwọ tó mọ̀ ọ́n tú, dè é."

Mo dè é. Àbúrò mi nu ojú rẹ̀ nù, ó tún fa ọwọ́ náà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohùn rẹ̀ tó jáde láti iwájú, kì í sì í ṣe bàbá mi ló pè.

"Ó ti pọ́n, Àǹtí mi."

Ọkọ̀ jí, àmọ́ àwọn ọlọ́jà ti lọ, méjì nínú wọn ò sì padà sọ́dọ̀ wa títí ọyẹ́ fi kásẹ̀ nílẹ̀. Bàbá mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá mi. Láti ọjọ́ náà, èmi ló ń yẹ nọ́ọ̀tì wò kí omi tó hó. Ẹ má rò pé owú mi tán o. Ó kàn rí iṣẹ́ ṣe ni.

Ayé ti yí. Ọkọ̀ òde òní, ẹ tẹ ohun kan, ó jí. Kò sí ẹni tó ń gbé omi, kò sí ẹni tó ń wo ojú iná, oníkálukú ń jáde nílé láì jí ẹnì kejì. Ó rọrùn, mi ò bá a jà.

Nígbà tí bàbá wa lọ, ẹbí pín ogún ní ìdí igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Sípánà ni wọ́n fún mi, gbogbo wọn ní ó yẹ mí, ó sì yẹ mí lóòótọ́. Lọ́ọ̀rì bọ́ sí ìdí ìyàwó kékeré, wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Kí wọ́n tó wó o, àbúrò mi wá yá sípánà lọ́wọ́ mi. Ó gun iwájú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tú ojú iná náà, ó gbé e lọ sílé rẹ̀. Tí mo bá lọ kí i, ojú iná náà ni mo kọ́kọ́ máa ń wò lórí tábìlì. Ó dúdú, kò sí wáyà kankan lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ṣì ń jowú rẹ̀.