Ọjọ́ Tí Wọ́n Yẹ Ọmọ Oṣù Méje Wò

Òórùn òrí ni mo fi ń rántí ọdún tí mo bí ọmọbìnrin mi. Oṣù méje péré ló lò nínú mi kó tó jáde, ó sì kéré débi pé ìyá ọkọ mi ń gbé e sí àyà lábẹ́ aṣọ, ara sí ara, bí àwọn agbẹ̀bí ti kọ́ wa. Òrí ló fi ń pa á lára láàárọ̀ àti lálẹ́, títí gbogbo yàrá wa ní Odomẹ̀ta fi gba òórùn rẹ̀. Àwọn tó wá kí wa kò lè gbé ojú kúrò lára ọrùn rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé bó bá tilẹ̀ yè, ọpọlọ rẹ̀ lè má pé.

Ó yè. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjì, wọ́n ní kí a gbé e wá sí ilé ìwòsàn ní Kétu, torí wọ́n máa ń yẹ àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé wò, kí wọ́n lè tètè mọ ibi tí wọ́n ti nílò ìrànlọ́wọ́. Èmi àti ìyá ọkọ mi gun zẹmijan, alùpùpù akérò, lọ. Nígbà tí a dé, a kọ́kọ́ nu eruku pupa ojú ọmọ lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n má baà rò pé a kò tọ́jú rẹ̀. Dókítà náà, obìnrin kan tó ń rọra sọ̀rọ̀, to àwọn igi kéékèèké aláwọ̀ mèremère sórí tábìlì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a sọ̀rọ̀," ó sọ fún ìyá ọkọ mi. "Òun fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ wò." Ó wá na igi kan sí ọmọ mi.

Ọmọ mi kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó wo igi náà bíi pé ó fẹ́ gbé e mì, ó wo ìyá àgbà rẹ̀, kò sì gbà á. Wọ́n na ife sí i, wọ́n na ọmọláńgidi sí i, bákan náà ló rí. Nígbà tí dókítà máa sọ̀rọ̀, ó ní ọmọ náà lọ́ra gan-an, pé ó ṣeé ṣe kí ìwé ṣòro fún un. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀.

Ìyá ọkọ mi kò sunkún ní tirẹ̀. "Dókítà, ọmọ ilé wa kì í gba nǹkan lọ́wọ́ àlejò bí àgbà kò bá ní kó gbà á. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ sì ní kí n dákẹ́."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó tún igi rẹ̀ tò. "Ó dáa, Màmá, ẹ sọ fún un."

"Gbà á, ọmọ mi."

Ọmọ yìí kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to igi léra wọn bí ẹni tí wọ́n ti ń dá dúró tipẹ́.

Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi máa ń parí ìtàn náà fún àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Ẹni tó bá ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé kì í tán síbẹ̀. Lẹ́yìn tí dókítà tún yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó sọ òótọ́ fún wa: ọwọ́ rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí a máa bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, kí a sì máa mú un padà wá. A ṣe bẹ́ẹ̀. Lónìí ó ń ka ìwé Faransé já geere ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, àmọ́ ìṣirò kì í tètè wọ̀ ọ́ lórí. Ìka ò dọ́gba, olùkọ́ rẹ̀ sì ti mọ̀, ó ń fún un láàyè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń bá ìṣirò kan jà. Ó pẹ́ débi pé mo sún mọ́ ọn láti sọ ìdáhùn fún un.

"Ìyá mi, ẹ dúró," ó ní, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Mo máa débẹ̀."

Mo dúró. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀rù pé kò ní lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ń lọ. Àyẹ̀wò kò lè sọ ibi tí ọmọ yóò dé fúnni. Ibi tó wà lọ́jọ́ náà ló ń sọ, kí àwa tí a bí i lè mọ ibi tí a ó ti dúró tì í.