Àkàbà Ọ̀gá Waya

Ọ̀gá Waya ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó sì ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ọdún méjìdínláàádọ́ta ló ti ń fa waya iná sínú ilé onílé. Kò sí ilé tó jóná lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Aago ẹnu ọ̀nà ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Ó so ó sílé ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ aago náà, iná balùwẹ̀ ló ń kú. Ọkọ ọmọ rẹ̀ wà níbi tó ti ń wẹ̀ lọ́jọ́ tí àlejò kọ́kọ́ dé. Ó sáré jáde tòun ti ọṣẹ lójú, ó ń bi ará ilé bóyá òun ti fọ́jú.

Ọjọ́ náà ni ọmọ gbé àkàbà bàbá rẹ̀ sínú yàrá kan, ó fi àgádágodo tì í. Ó ní ó di ìgbà tí dókítà bá fọwọ́ sí i. Oníṣẹ́ iná tí kò lákàbà, kí ló kù fún un ju kó máa wo àjà lọ?

Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀. Dókítà náà, obìnrin tó kéré lọ́jọ́ orí, gbé e síwájú iná.

"Bàbá, ibi tó funfun yìí ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti apá kan ọpọlọ dé apá kejì. Bíi waya ló rí. Ọ̀rá ló wé e."

Ọ̀gá Waya fa àga sún mọ́ ọn. "Rọ́bà rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà wo ni wọ́n ń wé e?"

"Díẹ̀ ló wà lára ọmọ tuntun. Á máa wé e bó ṣe ń dàgbà. Ti iwájú orí, tí a fi ń ro nǹkan ká tó ṣe é, ló ń kẹ́yìn. Ó lè kọjá ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kó tó parí."

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín, dókítà?"

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

"Ó ku díẹ̀."

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Dókítà, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ńkọ́?"

"Àsìkò tó ń kún jù nìyẹn. Tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù díẹ̀díẹ̀."

Ọmọ na ọrùn bí ẹni tó gba ipò kìíní. "Ẹ gbọ́, Bàbá. Tèmi kún."

Dókítà fọwọ́ kan àwọn àmì kéékèèké. "Ibi tó ti ń gbó nìyí, Bàbá. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ní in. Ọ̀rọ̀ ń dé ibi tó ń lọ, àmọ́ kì í yá bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Ṣé ẹ ó yọ ọ́, kí ẹ fa tuntun?"

"Kò ṣeé yọ. Ẹ máa rìn, ẹ máa sùn dáadáa, ẹ máa wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín. Ohun kan ni kí ẹ sì máa ṣe lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ aago yẹn, kí lẹ tún ń ṣe?"

"Mò ń gbọ́rọ̀." Ó fẹnu júwe ọmọ rẹ̀. "Òwú pupa ni mo máa ń so mọ́ waya aago kó má bàa dà pọ̀ mọ́ ti iná. Mo ní kó fún mi lówùú, ìtàn ìyá ọkọ rẹ̀ ló fún mi. Ibi tí ìyá náà ti kó ẹrù dé nínú ìtàn náà ni mo ti so waya kejì."

"Bàbá! Níwájú dókítà?"

Dókítà fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ lè gun àkàbà. Àmọ́ ẹ má dá a gùn. Kí ẹnì kan dì í mú nísàlẹ̀, kó sì dákẹ́."

"Ta ni yóò dì í mú?" ni ọmọ béèrè.

"Ẹni tí tiẹ̀ kún," ni Ọ̀gá Waya fèsì. "Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Ọmọ tú báàgì rẹ̀ sórí tábìlì: téèpù, bọ́tìnnì, òwú oríṣiríṣi. Kò sí kọ́kọ́rọ́. Ó fọwọ́ gbá iwájú orí.

"Inú yàrá tí àkàbà wà ni mo gbàgbé ẹ̀ sí. Èèyàn kàn máa ń tẹ àgádágodo náà ni, ó ti tì láìlo kọ́kọ́rọ́."

"Fèrèsé rẹ̀ ńkọ́?"

"Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, Bàbá. Àfi téèyàn bá gun..."

Ọ̀gá Waya ṣa òwú pupa kan lórí tábìlì, ó fi sápò. Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó sì jáde lọ yá àkàbà.